DELF, TCF tàbí TEF: bí ẹni tó wà ní Ìlọrin ṣe lè yan ìdánwò Faransé, kó sì to ọjọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀

Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Táńkẹ̀ pè mí ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan. Ó ní, "Àǹtí, ẹ kú alẹ́ o. Mo fẹ́ lọ sanwó ìdánwò Faransé láàárọ̀ ọ̀la. Mẹ́ta ni wọ́n dárúkọ fún mi. Èwo ni kí n san?" Mo ní kó má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo bi í pé ìgbà wo ló fẹ́ lo ìwé èsì náà. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Kò tíì dá mi lójú, mà. Ó lè jẹ́ ọdún tó ń bọ̀, ó lè jẹ́ èyí tó tẹ̀ lé e." Mo bi í pé ibo ni Faransé rẹ̀ dé. Ó ní èyí tí wọ́n kọ́ wọn ní JSS, tó sì ti gbàgbé púpọ̀ nínú ẹ̀.

Ìdáhùn méjèèjì yẹn ló máa yan ìdánwò fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yan ìdánwò lónìí, wọ́n á wá máa to ẹ̀kọ́ lọ́la, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ méjì ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọjọ́ tí ẹ máa mú ìwé náà fún ẹni tó ń bèèrè rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹ wá máa ka oṣù bọ̀ sẹ́yìn títí tí ẹ fi máa kan òní.

Ìwé tí kì í kú àti ìwé tó lọ́jọ́ orí

DELF jẹ́ ìwé ẹ̀rí ìjọba ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, láti ọwọ́ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ wọn. Ó ti wà láti 1985. Ìpele mẹ́rin ló ní, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: A1, A2, B1 àti B2; àwọn tó ga jù ú lọ, C1 àti C2, ni wọ́n ń pè ní DALF. Tí ẹ bá ti gbà á, ó di tiyín títí ayé. TCF náà wá láti ọ̀dọ̀ àjọ kan náà tó ń bójú tó DELF, ìyẹn France Éducation international. TEF ní tirẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Paris àti agbègbè rẹ̀. Èsì TCF àti TEF kì í ju ọdún méjì lọ.

| | DELF B2 | TCF Canada | TEF Canada |
|---|---|---|---|
| Ọjọ́ orí èsì | títí ayé | ọdún 2 | ọdún 2 |
| Gbígbọ́ | nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 | ìṣẹ́jú 35 | ìṣẹ́jú 40 |
| Kíkà | ìṣẹ́jú 60 | ìṣẹ́jú 60 | ìṣẹ́jú 60 |
| Kíkọ | ìṣẹ́jú 60 | ìṣẹ́jú 60 | ìṣẹ́jú 60 |
| Sísọ | ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn ìmúra ìṣẹ́jú 30 | ìṣẹ́jú 12 | ìṣẹ́jú 15 |
| Èsì | ẹ yege tàbí ẹ fìdí rẹmi | ìpele tí ẹ dé | ìpele tí ẹ dé |

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn lágbára ju bó ṣe rí lójú lọ. Ní DELF, ẹ̀yin lẹ máa yan ìpele kí ẹ tó wọlé, ìpele yẹn nìkan ni wọ́n sì máa bi yín. Máàkì 25 ni apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọ́dọ̀ gba 50 nínú 100, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ gba ohun tó dín ní 5 ní apá kankan. Ẹni tó gba 49 kò gba nǹkan kan. Ní TCF Canada, ìwé kan náà ni gbogbo ayé ń kọ: ìbéèrè 39 fún gbígbọ́, 39 fún kíkà, èyí tó rọrùn ló ṣáájú, wọ́n á máa le sí i. Ibi tí agbára yín bá gbé yín dé ni wọ́n máa kọ sílẹ̀. Kò sí ìfìdírẹmi níbẹ̀, àmọ́ ó lè má tó ohun tí ẹ ń wá.

Ta ló wá ń gba èwo? Ẹni tó bá fẹ́ lọ máa gbé ní Kánádà lábẹ́ ètò Express Entry (ètò tí ìjọba ibẹ̀ fi ń yan àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ wá gbé), TCF Canada tàbí TEF Canada nìkan ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí bí DELF rẹ̀ ṣe lè ga tó, wọn ò ní kà á. Ìpinlẹ̀ Québec yàtọ̀ ní tirẹ̀, wọ́n ń gba DELF níbẹ̀. Yunifásítì ilẹ̀ Faransé sábà máa ń bèèrè B2, DELF B2 sì ń ṣílẹ̀kùn níbẹ̀ dáadáa. Ẹ ṣọ́ra o: TCF tí wọ́n ń pè ní "tout public", ìyẹn ti gbogbo ènìyàn, àti TCF Canada kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo ti rí ẹni tó san ti ọ̀kan nígbà tó jẹ́ èkejì ló nílò.

Èmi fúnra mi ti jẹ nínú ìyà yìí. Mo kọ èyí tó ń lo ọdún méjì, mo sì gba máàkì tí mo ń wá. Inú mi dùn débi pé kí n tó bọ́ bàtà nílé ni mo ti fi èsì náà han màmá mi. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo ń retí láti ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti jáde kò tíì tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo lọ, wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo tún lọ, ẹni tó máa fọwọ́ sí i kò sí ní sẹ́ẹ̀tì. Oṣù ń gorí oṣù. Nígbà tí ìwé náà fi máa jáde, èsì Faransé mi ti kọjá ọdún méjì. Mo tún sanwó, mo tún jókòó kọ gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Faransé mi ò dín kù ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ọjọ́ ló tán lórí ìwé.

Nítorí náà, ẹni tó ń lọ sí Kánádà, kí TCF tàbí TEF jẹ́ ohun tó máa kẹ́yìn, kí ìwé yòókù ti wà nínú fáìlì. Ẹni tó jẹ́ tíṣà, tàbí tó ń ka Faransé ní yunifásítì, tàbí tí kò tíì mọ ibi tó ń lọ, DELF ni mo máa ní kó kọ, kó tilẹ̀ kọ B1 lójú ọ̀nà kó lè rí nǹkan dì mú. Ẹni tó mọ̀ pé Kánádà ni, kó má nawó sí DELF rárá. Kó fi owó yẹn sanwó tíṣà.

TCF tàbí TEF fún ẹni tó ń lọ sí Kánádà

Ohun tí wọ́n ń lé ni ìpele 7 lórí NCLC, òṣùwọ̀n tí Kánádà fi ń wọn Faransé, ní apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó súnmọ́ B2. Ní TCF Canada, ìyẹn jẹ́ ó kéré tán 458 fún gbígbọ́, 453 fún kíkà, àti 10 nínú 20 fún kíkọ àti fún sísọ. Ẹ kíyè sí "apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin." Ẹni tó gba máàkì ńlá ní kíkà tó wá gba 9 ní kíkọ kò tíì débẹ̀.

Ní kíkà àti gbígbọ́, n kò rí ìyàtọ̀ tó yẹ kó gba oorun lójú ẹnikẹ́ni. Sísọ ni kí ẹ fi yan. Ní TEF, iṣẹ́ méjì ló wà. Àkọ́kọ́: wọ́n fún yín ní ìpolówó kan, ẹ pe ẹni tó kọ ọ́ lórí fóònù, ẹ máa bi í ní ìbéèrè fún ìṣẹ́jú 5. Èkejì: ẹ fi ìṣẹ́jú 10 rọ ọ̀rẹ́ yín pé kó bá yín ṣe nǹkan, òun á sì máa jiyàn. Ní TCF, mẹ́ta ni: ẹ sọ nípa ara yín, ẹ bèèrè nǹkan lọ́wọ́ olùdánwò lẹ́yìn ìmúra ìṣẹ́jú 2, lẹ́yìn náà ẹ sọ èrò yín lórí ọ̀rọ̀ kan láìsí ìmúra kankan.

Ẹni tó mọ ọjà ná ní Ìpàta, tí ẹnu rẹ̀ kì í dá, tó lè sọ fún ọlọ́jà pé "ẹ gbà mí gbọ́, màmá, èyí ló tọ́ sí wa", TEF máa bá a lára mu. Mo sọ bẹ́ẹ̀ láìṣiyèméjì. Ẹni tó máa ń ronú kó tó sọ̀rọ̀, tí àríyànjiyàn ìṣẹ́jú 10 máa ń dá lágara, kó lọ sí TCF, níbi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti kúrú.

Kíkọ náà tẹ̀ lé e. TEF máa fún yín ní ìbẹ̀rẹ̀ ìròyìn kan pé kí ẹ parí rẹ̀, ó kéré tán ọ̀rọ̀ 80, lẹ́yìn náà lẹ́tà ọlọ́rọ̀ 200 tí ẹ ti máa gbèjà èrò kan. TCF: iṣẹ́ kúkúrú ọ̀rọ̀ 60 sí 120, èkejì 120 sí 150, ẹ̀kẹta 120 sí 180, níbi tí ẹ ti máa fi èrò ẹni méjì wéra kí ẹ tó sọ tiyín.

Wákàtí kan, méjì, tàbí mẹ́rin

Ìṣirò tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Faransé sábà máa ń lò ni pé láti òfo dé A2 jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 160 sí 200, dé B1 360 sí 400, dé B2 560 sí 650. Ẹ jẹ́ ká mú 600.

Wákàtí kan lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀: nǹkan bí 26 lóṣù, oṣù 23. Wákàtí méjì: 52 lóṣù, kò ní pé ọdún kan. Wákàtí mẹ́rin: 104 lóṣù, kò ní pé oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé òun máa fi oṣù mẹ́ta gbé yín dé B2 láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìṣirò yìí hàn án.

Wákàtí mẹ́rin lẹ́wà lórí ìwé. Ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tó ń dúró de ìpè NYSC bóyá, lè ṣe é. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, oṣù kẹta ló sábà máa ń jábọ́, tó bá sì jábọ́ kì í padà sí wákàtí kan. Ńṣe ló ń fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Etí náà ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ lẹ lè há sórí kíákíá, àmọ́ kí etí tó lè ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ nínú Faransé tó ń sáré, ó ń fẹ́ oṣù púpọ̀, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba ti àwọn tó ń kó wákàtí mẹ́fà sí ọjọ́ Sátidé nìkan. Iye rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú wákàtí kan lójúmọ́, èrè rẹ̀ kò dọ́gba.

Wákàtí méjì, ẹ pín in sí méjì. Ọ̀kan lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, nígbà tí ilé ṣì dákẹ́. Ọ̀kan lálẹ́ tàbí lójú ọ̀nà. Ti àárọ̀ ni kí ẹ fi ṣe èyí tó nira, kíkọ àti gírámà. Tí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, ohun tí ẹ ti gbà sílẹ̀ sórí fóònù kò ní bá iná lọ. Rédíò RFI ní ìròyìn kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Journal en français facile, ìṣẹ́jú 10 lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà ní kíkọ tí ẹ lè fi ṣàyẹ̀wò. TV5Monde, tẹlifíṣọ̀n elédè Faransé, ní ìdánrawò TCF lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí ẹ sì ka Ààwẹ̀ mọ́ ọn. Nílùú wa, oṣù Ràmàdáánì ń yí òru padà sí ọ̀sán: sààrì, àṣàmù, wáàsí. Ẹni tó kọ wákàtí méjì sílẹ̀ fún oṣù yẹn máa jẹ gbèsè, gbèsè náà á sì kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá a. Ẹ kọ ìdajì wákàtí, gbígbọ́ nìkan. Bákan náà ni oṣù Kejìlá fún àwọn tó ń lọ sílé ọdún ní Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán.

Kíláàsì, tíṣà, fóònù, tàbí kọjá bọ́dà

Kíláàsì ló dára jù fún wákàtí 200 àkọ́kọ́. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn yín kó sì tún un ṣe kí àṣìṣe tó di bárakú. Ní Ìlọrin, a ní Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Faransé ní yunifásítì, àwọn tó sì jáde níbẹ̀ pọ̀ nígboro tí wọ́n lè kọ́ yín nílé. Ẹni tó wà ní gúúsù Kwara, tó jẹ́ pé owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀ máa gba gbogbo Sátidé lọ́wọ́ rẹ̀, kó má fi ti kíláàsì pa ara rẹ̀. Tíṣà lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó fún un.

Lẹ́yìn B1, kíláàsì ń lọ́ra. Ẹlòmíì nínú kíláàsì ṣì ń bá passé composé (ọ̀rọ̀ ìṣe ohun tó ti kọjá) jà nígbà tí ẹ̀yin nílò ẹni tó máa ka lẹ́tà yín lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni tíṣà ẹlẹ́nìkan ti tó owó rẹ̀. Áàpù orí fóònù dára fún ọ̀rọ̀ há-sórí. N kò tíì rí ẹni tó fi áàpù nìkan dé B2.

Lílọ gbé láàárín wọn ńkọ́? Abúlé Faransé ti Nàìjíríà wà ní Àgbádárìgì láti 1991, ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé ní yunifásítì wa ń lọ. Orílẹ̀-èdè Benin náà kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan rèé tí àwa Yorùbá gbọ́dọ̀ bá ara wa sọ: tí ẹ bá lọ sí Kétu, Sábẹ̀, Pọ́bẹ̀ tàbí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Yorùbá lẹ máa sọ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ máa jẹun, ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ sì máa padà wálé láìsí Faransé kún un. Kútọnu dára jù fún iṣẹ́ yìí. Kí ẹ má sì lọ kí ẹ tó dé B1. Oṣù kan níbẹ̀ fún ẹni tí kò lè so gbólóhùn mẹ́ta pọ̀, owó ló ń sọ nù.

Ohun tí ẹnu Yorùbá ti ní, àti èyí tí kò ní

Ibi yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ó ń sọ ibi tí wákàtí yín máa lọ. Àwọn ìwé tí wọ́n kọ fún elédè Gẹ̀ẹ́sì ń fi ojú ewé rẹpẹtẹ kọ́ni ní ìró àránmúpè, bíi ti "bon" àti "vin". Àwa ti ní wọn láti inú ìyá wa: ìbọn, ìyẹn. Wọ́n ń kọ́ni ní ìyàtọ̀ é àti è. Àwa ní e àti ẹ. Ẹ kàn mọ̀ pé àmì orí é kì í ṣe ohùn òkè. "École", e lásán ni. "Mère", ẹ ni. Mo gbọ́ tí ọmọ kan ń gbé ohùn sókè níbi gbogbo tó bá ti rí àmì yẹn, bí ẹni ń kéwì. Ìgbà tí mo sọ fún un pé e àti ẹ ni, ó tún un ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

"Vous" àti "tu" náà kò ní yọ wá lẹ́nu. Ẹ àti o ni. Ẹni tí a pè lórí fóònù nínú TEF, a ò mọ̀ ọ́n rí, "vous" ni. Ọ̀rẹ́ tí a ń rọ̀, "tu" ni. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ní Ìlọrin kò ní ṣi ìyẹn lò.

Èyí tí kò sí lẹ́nu wa ni z. "Poisson" ni ẹja, "poison" ni májèlé. "Ils sont" ni "wọ́n jẹ́", "ils ont" ni "wọ́n ní", z kékeré ló wà láàárín. U ti "tu" náà kò sí: ẹ ṣe ètè bí ẹni fẹ́ pe u, kí ẹ wá pe i láì yí ètè padà. Ẹ mú dígí kékeré lọ́wọ́ ṣe é, ìṣẹ́jú márùn-ún láràárọ̀, fún oṣù kan.

Le àti la ló burú jù. Èdè wa kò pín ọkùnrin àti obìnrin. "Ó" ni gbogbo wọn. Ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ láìfi le tàbí la ṣíwájú rẹ̀. Kì í ṣe "table", "la table" ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá há ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ sórí láìsí le àti la máa tún gbogbo wọn há lẹ́ẹ̀kejì.

Bí mo ṣe tò ó fún àbúrò mi

Kánádà ló ń lọ, TEF Canada la sì mú fún un, nítorí mo mọ ẹnu rẹ̀. Ó ń ṣe iṣẹ́ òru, nítorí náà a ò kọ aago, iye ni a kọ: wákàtí mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀, kó pín in bí iṣẹ́ bá ṣe gbà. Ìyẹn máa ń tó bí oṣù 15, nítorí Faransé JSS rẹ̀ kò parun tán. A fi oṣù kan kún un nítorí Ààwẹ̀, oṣù méjì nítorí pé èèyàn ń ṣàìsàn. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kíláàsì àti gbígbọ́. Láti oṣù keje, lẹ́tà kan lọ́sẹ̀ tí tíṣà máa fi báírò pupa kà. Ó fẹ́ sún kíkọ síwájú títí dé ìparí, mo kọ̀. Kíkọ ló ń pẹ́ jù kó tó jinná, òun náà ló sì ń já àwọn tó gbọ́n kulẹ̀.

Oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, ìdánwò odidi kan ní gbogbo Sátidé, lórí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú aago. Ẹni tó ń wá é, è àti ç kiri lórí bọ́tìnnì lọ́jọ́ ìdánwò ń fi ìṣẹ́jú rẹ̀ ṣòfò. Ẹ wá àyè sílẹ̀ ní ibùdó ìdánwò ní bí oṣù mẹ́rin ṣáájú, kí ẹ sì bèèrè pé irú rẹ̀ wo gan-an ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ibùdó ló ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó tún pè mí nígbà tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀. "Àǹtí, orúkọ ọkọ mi ni mo ń lò níbi iṣẹ́, ti bàbá mi ló wà nínú ìwé ìrìnnà. Èwo ni kí n fi sí i?" Mo ní kó mú ìwé ìrìnnà náà síwájú, kó dà á kọ lẹ́tà sí lẹ́tà, bó ṣe tò ó, títí kan orúkọ àárín. Ó kà á sí mi létí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ bọ́tìnnì.